Àfòmọ́

Bàbá kò gun igi mọ́. Ìsàlẹ̀ kòkó ló dúró sí, ó na gọ̀ǹgọ̀ tí ó so àdá kékeré mọ́ lẹ́nu sókè, ó ń fi gé àwọn ewé kan tí kò jọ ewé kòkó kúrò lára ẹ̀ka. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra ìdánwò WAEC ló bá a níbẹ̀, ìwé rẹ̀ lábíyá.

"Okun o, Bàbá."

"Okun o. Ìwé kí lo gbé wá sóko?"

"Yorùbá ni, Bàbá. Ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ. Wọ́n ní ká lọ ka àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àti àfòmọ́ àárín."

Bàbá sọ gọ̀ǹgọ̀ kalẹ̀. Ó wo òkìtì ohun tó ti ń gé láti òwúrọ̀, ó tún wo ìwé ọmọ náà. "Àfòmọ́ ni wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé báyìí? Ó dáa. Mú àdá kan."

Ìkòyí ni a wà. Kì í ṣe Ìkòyí ti Èkó tí àwọn olówó ń gbé, kì í sì í ṣe Ìkòyí-Ilé ti Oníkòyí. Ilẹ̀ Ìjùmú ni tiwa, nílẹ̀ Okun, ní Ìpínlẹ̀ Kogí, níbi tí àgbẹ̀ ti ń gbin iṣu, tó ń gbin kòkó àti kọfí, tí obì sì ń so. Mo rẹ́rìn-ín sí ìdáhùn Bàbá títí ẹnu fi ń dùn mí. Nígbà tó yá ni mo rí i pé Bàbá kò ṣi ọmọ náà gbọ́ rárá. Ohun kan náà làwọn méjèèjì ń sọ.

Àfòmọ́ jẹ́ igi tí kò ní ilẹ̀. Ẹyẹ ló ń jẹ èso rẹ̀. Kóró inú èso náà ń lẹ̀ bí àtè, ẹyẹ á fi ẹnu nu ún sára ẹ̀ka tàbí kó yàgbẹ́ rẹ̀ síbẹ̀, kóró á lẹ̀ mọ́ èèpo, á sì hù. Kò ní gbòǹgbò kan tó kan ilẹ̀. Inú ẹ̀ka ló ń ki tirẹ̀ bọ̀, omi igi onígi ló ń mu. Tí a bá fi í sílẹ̀, ẹ̀ka tó bà lé á gbẹ láti ibẹ̀ lọ dé ṣóńṣó. Orúkọ rẹ̀ kò sì fi nǹkan kan pa mọ́: à, fò, mọ́. Ohun tó fò, tó wá mọ́ nǹkan lára, mọ́ tí a ń gbọ́ nínú lẹ̀ mọ́, so mọ́, rọ̀ mọ́.

Àwọn onímọ̀ èdè wa ti jókòó lọ́pọ̀ ìgbà láti wá orúkọ Yorùbá fún iṣẹ́ tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀, jáde ní 1984. Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú apá kejì ní 1990. Púpọ̀ nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ń rùn bí yàrá ìkàwé. Ṣùgbọ́n ẹni yòówù tó kọ́kọ́ wo ègé ọ̀rọ̀ tí kò lè dá dúró, tó ní àfòmọ́ ni, ẹni náà ti rìn lóko rí.

Ibì kan wà tí àfiwé náà ti já. Àfòmọ́ oko ń pa igi. Àfòmọ́ èdè ló ń jẹ́ kí igi so. Ẹ mú kọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni, ó lágbára, ṣùgbọ́n kò lè jókòó ní ipò orúkọ. A kì í sọ pé "kọ́ dé." Ẹ fi olù- síwájú rẹ̀, olùkọ́ dé. Ẹ fi ẹ̀- síwájú rẹ̀, ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí kọ́ gba ẹ̀kọ́ mọ́ra kí ẹ tó fi a- síwájú àwọn méjèèjì, akẹ́kọ̀ọ́ jókòó. Àjàyí Crowther ti rí èyí tipẹ́: nínú gírámà rẹ̀ tó jáde ní 1852 ló ti ṣàlàyé bí fáwẹ̀lì tí a fi síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe ṣe ń sọ ọ́ di orúkọ. Ọkùnrin yìí náà ló wá ṣe iṣẹ́ ìyìn rere ní Lọ́kọ́jà, nísàlẹ̀ ọ̀nà tiwa níhìn-ín.

Mo bá ọmọ náà jókòó sórí igi tó wó, a bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọ̀rọ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù nínú ìwé rẹ̀ ni asọ̀rọ̀mágbèsì. Kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. "Rédíò" ló ń gbọ́ nílé. Mo ní kó má wo ìtumọ̀ tí wọ́n kọ sísàlẹ̀, kó fi ọwọ́ bo ibẹ̀, kó wá èyí tó dájú pé ó mọ̀. Ó mọ sọ̀rọ̀. Ó mọ èsì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "A-sọ̀rọ̀-má-gba-èsì. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tí kì í gbọ́ èsì?" Ó wò mí. "Ìyá àgbà ni?"

Mo ní rárá, ẹ̀rọ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ti sún mọ́ ọn tó. Ìwọ̀nba tí a- lè sọ fún wa ni pé olùṣe kan ń bẹ. Kò sọ bóyá ènìyàn ni tàbí ẹ̀rọ, àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ ló mọ̀yẹn. Lónìí tí àwọn ènìyàn ń tẹ ilé iṣẹ́ rédíò láago, tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ jiyàn lórí afẹ́fẹ́, orúkọ náà ti di irọ́ díẹ̀. Kò burú. Àwọn tó sọ ọ́ wo rédíò ìgbà tiwọn, tó ń sọ, tó ń sọ, tí ẹnikẹ́ni kò lè dá lóhùn. Ayárabíàṣá náà, tí wọ́n fi ń pe kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá ti jókòó ti èyí tó ti gbó rí yóò mọ̀ pé àṣá náà ń darúgbó.

Agbẹjọ́rò fún un níṣòro, mo sì fẹ́ràn pé ó fún un níṣòro. Ó gé e sí a-gbẹ́-ọjọ́-rò, ó ní ẹni tó ń gbẹ́ ọjọ́. Kò yé òun náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé gbà-rò ni ọ̀rọ̀-ìṣe ibẹ̀, ẹjọ́ ló wọ àárín wọn: ó ń gba ẹjọ́ rò. Fáwẹ̀lì gbà ti ṣubú sínú ẹjọ́, ọ̀nà ibi tí a óò ti là á kò hàn mọ́. Nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá, ibi tí fáwẹ̀lì méjì ti pàdé ni ọkàn ti máa ń ṣìnà, nítorí ọ̀kan nínú wọn ti kú síbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ là á ní láti jí òkú náà dìde ná.

Àkọsílẹ̀ ló tẹ̀lé e, mi ò sì lè dákẹ́. Lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ṣègbéyàwó, ọmọ yìí ni wọ́n fún ní ìwé tí wọ́n fi ń kọ orúkọ àwọn tó mú ẹ̀bùn wá. Ó fi gègé dárà sí ẹ̀yìn ìwé náà, lẹ́tà gbàǹgbà-gbàǹgbà: ÌKỌ̀SÍLẸ̀ ÌGBÉYÀWÓ. Ìyá ìyàwó ló kọ́kọ́ rí i. Títí di òní, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mú un bínú, ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló ń dá.

Kí ló dé tí ohùn kan lè tú ilé ká báyìí? Kọ ni kí a fi gègé sọ̀rọ̀, kọ̀ sì ni kí a má fẹ́. Sí ilẹ̀ ni wọ́n jọ gbé e sí. À- tó wà níwájú kọ-sílẹ̀ máa ń sọ ohun tí iṣẹ́ fi sílẹ̀ lẹ́yìn: àkọsílẹ̀ ni ohun tí a kọ tó wà níbẹ̀. Irú à- yìí náà ló wà nínú àjẹkù, ohun tí a jẹ tó kù. Àlòkù, ohun tí a lò tó kù. Àgékù, èyí tí àdá fi sílẹ̀. Ì- ní tirẹ̀ ń mú iṣẹ́ náà gan-an wá: ìgbéyàwó, ìkọ̀sílẹ̀, ìdìbò. Mi ò sọ pé òfin yìí kì í yẹ̀. Àfòmọ́ fúnra rẹ̀ kò kúkú jẹ́ ohun tí iṣẹ́ kan fi sílẹ̀. Òun gan-an ló fò, òun náà ló mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ ìyàtọ̀ àárín a- àti à-, pé akọ̀wé ni ẹni tó ń kọ, àkọsílẹ̀ ni ohun tí ó kọ, ti ní ìdajì ìwé atúmọ̀-èdè lórí.

Oní- kò gba àkókò wa. Ọjà Kàbà ti kọ́ ọmọ náà tán kí ìwé tó dé. Oníṣu ń bẹ níbẹ̀, aláṣọ ń bẹ níbẹ̀, ẹlẹ́ja, olóbì, eléwé ọmọ, ọlọ́kadà tó gbé e lọ. Oní- kan náà ni gbogbo wọn. Tó bá bá i pàdé, yóò jẹ́ ara rẹ̀. Tó bá bá fáwẹ̀lì mìíràn pàdé, n á di l, fáwẹ̀lì iwájú á sì gbé aṣọ ẹni tó bá pàdé wọ̀. Tí a bá to àfòmọ́ lórí àfòmọ́, ibẹ̀ ló ti dùn. Alágbàfọ̀ ni oní- tó gùn à-gbà-fọ̀. Aláìmọ̀kan ni oní- tó gùn àì- tó gùn mọ̀-ọ̀kan: ẹni tó ní àìmọ nǹkan kan ṣoṣo. Ẹ rò ó wò! A kò sọ pé kò mọ púpọ̀. A ní ẹyọ kan péré, kò mọ̀ ọ́n.

Àì- yìí ló sì dá wàhálà sílẹ̀ láàárín èmi àti Bàbá.

Ọmọ náà ti gbóná, gbogbo ohun tó bá kọjá ló ń gé. Ó wo ọ̀nà ìlú, ó ní, "Ì-kò-yí!" Bàbá tí a rò pé kò gbọ́ wa láti ìdí kòkó kejì ló ju gọ̀ǹgọ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀ẹ́n-ẹ̀n! Ì-kò-yí! Àwa kì í yí padà!" Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi ọwọ́ lu àyà. Ta ni kò mọ bí wọ́n ṣe ń ki Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, pé ẹ̀yìn wọn kì í rí ọfà, iwájú ni ọgbẹ́ wọn máa ń wà? Orúkọ ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìtàn. Kí ni ẹnì kan tún ń wá?

Ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú. Yorùbá kì í fi ì- síwájú kò. Tí a bá fẹ́ sọ kí nǹkan má ṣẹlẹ̀ di orúkọ, àì- là ń mú: àìkú, àìsùn, àìgbọ́n, àìsàn. Ẹni tí kì í yí padà, aláìyípadà là ń pè é. Tó bá jẹ́ ohun tí ẹ sọ yìí ni orúkọ náà ti wá, ohun tó jọ àìyí là bá máa gbé." Àìsàn nìkan tó kí ènìyàn ronú di alẹ́: ara tí kò sàn kò ní orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀, sísàn la fi sílẹ̀ tí a sẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá kò fẹ́ gbọ́ ti àìsàn.

"Ìwọ lo sọ ìlú lórúkọ ni?" ló bi mí.

Èmi kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ṣọ́ra. Àfòmọ́ kì í bà lé gbogbo igi bákan náà, àfòmọ́ èdè náà sì mọ igi tirẹ̀. A- ń wá ọ̀rọ̀-ìṣe, oní- ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ, àì- gba iṣẹ́ kò ṣe pátápátá. Nígbà tí ègé tí a gé bá fún wa ní ìtumọ̀ aládùn ṣùgbọ́n tí àwọn ègé náà kì í bá ara wọn rìn níbòmíràn nínú èdè, kì í ṣe ìtumọ̀ la rí. Ìtàn la pa. Ìtàn lè dára, ó lè mú ọkùnrin àgbà lu àyà nínú oko kòkó. Kó má jókòó ní àga ìtumọ̀ ni mo ń sọ. Ọ̀pọ̀ orúkọ ìlú wa ló ti gbó kọjá ibi tí àdá tiwa lè dé, àwọn tó sì ń pe ara wọn ní Ìkòyí kò dúró de ìtumọ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ dó.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wa ló ń tan ènìyàn jẹ. Yàtọ̀ sí irú àwọn panápaná, gbẹ́nàgbẹ́nà àti woléwolé, tí wọ́n jẹ́ ìṣe tí a pè lẹ́ẹ̀mejì láìfi fáwẹ̀lì síwájú, èyí tó pọ̀ jù nínú orúkọ Yorùbá ló fi fáwẹ̀lì bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà ó máa ń dà bí ẹni pé àfòmọ́ wà lórí gbogbo wọn. Igi ńkọ́? Omi ńkọ́? Ṣé ohun tó ń mì ni omi? Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni, torí ó ń mì nínú korobá. Ohùn kò gbà fún un: mì wà nísàlẹ̀, omi dúró láàárín. Fáwẹ̀lì yẹn kì í tilẹ̀ í jẹ́ ọ̀kan náà kárí ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkìtì, tó bá wa pààlà, iyì ń jẹ́ uyì, ilé ń jẹ́ ulé, bẹ́ẹ̀ Yorùbá ìwé kò ní ọ̀rọ̀ kan tó fi u bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ìwé nìkan kọ́ àfòmọ́ yóò dé Adó-Èkìtì, yóò rò pé òun ti ṣìlú.

Àwọn kan tún wà tí kì í ṣe igi wa rárá. Mo ní kí ọmọ náà gé àlùbọ́sà. Ó gé e: à-lù-bọ́-sà. Ohun tí a lù, tó bọ́, tí a sá. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú oko àlùbọ́sà! Ṣùgbọ́n ó ti òkè Ọya wá, tòun torúkọ rẹ̀: albasa ni Hausa ń pè é, àwọn náà gbà á lọ́wọ́ Lárúbáwá. Al- iwájú rẹ̀ kì í ṣe oní- wa. Ní èdè Lárúbáwá, kò ju kí a nawọ́ sí ohun tí à ń sọ lọ. Òun náà ló wà níwájú àlùbáríkà, òun ló wà nínú àlàáfíà. Àlùmọ́gàjí tí aránṣọ fi ń gé aṣọ, almakashi ni nílé rẹ̀. Nílẹ̀ tiwa yìí, tí Nupe, Ebira, Igala àti Hausa jọ ń ná ọjà pẹ̀lú wa, ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ bi ọ̀rọ̀ pé, ọmọ ta ni ọ́, kó tó gbé àdá.

Okun ńkọ́? Ọmọ náà ló bèèrè, mo sì ti ń retí rẹ̀. Owé, Ìjùmú, Bùnú, Yàgbà àti Ọ̀wọ́rọ̀ kò ní ọba kan ṣoṣo tó kó gbogbo wọn. Okun tí a fi ń kíra wa láàárọ̀, lọ́sàn-án, ní bíbọ̀ láti oko, ló di orúkọ tí gbogbo wa ń jẹ́. Tí a bá kọ ọ́ láìfi àmì sí i, ọ̀rọ̀ mẹ́ta ló ń bẹ nínú rẹ̀. Òkun ni omi ńlá, tó wà nínú Tòkunbọ̀, ọmọ tó ti òkun bọ̀, tí wọ́n tún fi ń pe ọkọ̀ àlòkù tó gba orí omi wá. Okùn ni èyí tí a fi ń di ẹrù. Okun ni agbára inú ara. Àwọn kan nílé ń sọ pé ìkẹyìn yìí ni ìkíni wa, pé à ń fi agbára kíra wa ni, torí ìran àgbẹ̀ ni wá. Mo fẹ́ràn rẹ̀, kò sì sí ohun tó ta kò ó nínú ohùn. Ṣùgbọ́n ìkíni kì í fẹ́ kí a tú òun. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún Bàbá pé "ẹ kú iṣẹ́", kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ikú níbẹ̀. Mo sọ fún ọmọ náà pé kó kọ okun sílẹ̀ ní odidi.

Nígbà tí oòrùn wọ̀ díẹ̀, Bàbá di àfòmọ́ tó gé ní ìtí kan. Ó ní eléwé ọmọ kan ní ọjà Kàbà máa ń béèrè rẹ̀, kí á gbé e lọ fún un, owó rẹ̀ lè tó owó ọkọ̀. Ọmọ náà gbé e lé orí. A bá obìnrin náà níbi tó ń pàtẹ, egbò àti èèpo igi yí i ká. Kò wo ewé náà dáadáa kó tó sọ̀rọ̀.

"Orí igi wo lẹ ti gé e?"

"Kòkó ni, Mà," ọmọ náà dáhùn.

Ó gbọn orí. Ti orógbó lòun ń wá, ó ní, tàbí ti obì. Ọmọ náà ní, "Mà, àfòmọ́ ṣáà ni gbogbo ẹ̀." Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó wo ìwé tó há sí abẹ́ apá rẹ̀, ó sì yíjú sí oníbàárà mìíràn.